Èwo la ṣe kẹ́yìn? Bí ẹ ṣe lè to fáìlì inú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ wọn

Ẹni tó bá jókòó fún wákàtí kan péré ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ìgbògbò, á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu oníbàárà mẹ́ta sí mẹ́rin: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé tí mo ṣe lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́sí." Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kó lọ tún ṣe. Ìyá kan ń wá ìwé ìpè síbi ìsìnkú, èyí tí wọ́n ti tún orúkọ àwọn ọmọ tò nínú rẹ̀. Bàbá kan ń wá ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí òun àti ẹni tó fẹ́ rà á jọ jókòó tún kọ. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á ṣí fódà, fáìlì á sì tò lọ bẹẹrẹ: "agreement", "agreement new", "agreement final", "agreement final final".

"Bàbá, èwo gan-an nínú ẹ̀?"

"Èyí tá a ṣe kẹ́yìn ni, ọmọ mi."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó wà lára fáìlì kò sọ èyí tó kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ṣèèṣì tẹ èyí tó ti pẹ́ jáde, iye owó àtijọ́ ló máa wà nínú ìwé, tàbí orúkọ ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti yọ kúrò. Tí gbogbo wọn bá sì fọwọ́ sí i láì tún un kà, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ní agbègbè Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ tí wọ́n ń ra ilẹ̀ lójoojúmọ́, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè di ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ń kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tó ń kọ ọ́ sí, tó sì mọ ìtumọ̀ ọjọ́ tó ń wò, kò ní máa fojú wá fáìlì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ń kọ ju ẹyọ kan lọ

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé fáìlì kan ṣoṣo lè ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, àwọn tó ṣe pàtàkì nìyí:

"Date modified" ni ọjọ́ tí ẹnì kan fọwọ́ kan ohun tó wà nínú fáìlì náà kẹ́yìn. Tí ẹ bá fi gbólóhùn kan kún un, tàbí tí ẹ yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, tí ẹ sì tẹ̀ "Save", ọjọ́ yìí á yí padà. Tí ẹ bá kàn ṣí i, tí ẹ kà á, tí ẹ sì tì í padà, kò sábà yí padà.

"Date created" ni ọjọ́ tí fáìlì náà dé orí kọ̀ǹpútà yẹn, tàbí dé inú fódà tí ẹ kọ̀pì í sí. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, torí wọ́n rò pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé náà ni.

"Date accessed" ni ọjọ́ tí wọ́n ṣí i kẹ́yìn. Ẹ má gbọ́kàn lé èyí, torí Windows kì í fìgbà gbogbo kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa.

"Date taken" wà fún fọ́tò nìkan. Ọjọ́ tí kámẹ́rà tàbí fóònù ya àwòrán náà ni, inú àwòrán náà gan-an ni wọ́n sì kọ ọ́ sí.

Èyí tó máa ń da èèyàn rú jù ni méjì àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ilé ṣàlàyé rẹ̀. Nílé Yorùbá, ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ìyàwó àgbà, ọjọ́ tí obìnrin bá wọlé ọkọ ni wọ́n ń kà. Obìnrin ẹni ọdún 35 tó wọlé lónìí, ìyàwó kékeré ló jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ọdún 28 tó ti bá nílé. Kò sẹ́ni tó sọ pé òní ni wọ́n bí i, àmọ́ òní ló wọlé. Bí "Date created" ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ bá kọ̀pì ìwé tí ẹ tẹ̀ lọ́dún 2019 láti orí fláàṣì sórí kọ̀ǹpútà lónìí, "Date created" rẹ̀ á di òní, ṣùgbọ́n "Date modified" rẹ̀ á ṣì wà ní 2019. Ìdí nìyẹn tí fáìlì fi lè gbé ọjọ́ tó dà bí ẹni pé wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó bí i. Kò sí idán níbẹ̀, wọ́n kàn gbé e wá láti ibòmíì ni.

Nítorí náà, tí ìbéèrè bá jẹ́ "èwo la tún ṣe kẹ́yìn?", "Date modified" lẹ máa wò. Tí ìbéèrè bá jẹ́ "èwo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà yìí?", "Date created" lẹ máa wò.

Bí ẹ ṣe máa tò ó lórí Windows

Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà E lórí kíbọ́ọ̀dù, ibi tí àwọn fódà wà á ṣí. Ẹ wọ inú fódà tí ẹ fẹ́.

Tó bá jẹ́ àwòrán ńlá ńlá ni fáìlì ń fi hàn, ẹ ò ní rí ọjọ́ kankan. Ẹ lọ sí "View", kí ẹ yan "Details". Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà kúkúrú lè tẹ Ctrl, Shift àti 6 pọ̀. Fáìlì á wá tò sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ níwájú, ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo òkè ibi tí wọ́n kọ "Date modified" sí. Ẹ fi máòsì tẹ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lẹ́ẹ̀kan. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo fáìlì á tún ara wọn tò. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á dorí kodò: tó bá jẹ́ pé àtijọ́ ló wà lókè tẹ́lẹ̀, tuntun á bọ́ sókè. Ọfà kékeré kan á hàn lórí ọ̀rọ̀ náà láti fi hàn pé ibẹ̀ ni ẹ fi ń tò ó.

Tí ẹ ò bá rí "Date created" níbẹ̀, ẹ fi bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ orí ìlà òkè yẹn. Orúkọ oríṣiríṣi á yọ, kí ẹ sì mú "Date created" níbẹ̀. Ọjọ́ méjèèjì á wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ lè fi wéra.

Tó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ fi bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan "Properties". Ọjọ́ mẹ́ta, Created, Modified àti Accessed, á hàn níbẹ̀ tàago-tàago.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ọjọ́ tó wà lára fódà kì í ṣe ọjọ́ fáìlì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lè tún ìwé ṣe nínú fódà kan láàárọ̀ yìí kí ọjọ́ ara fódà náà ṣì jẹ́ ti oṣù tó kọjá. Ẹ wọ inú rẹ̀ lọ kí ẹ tó sọ pé kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀.

Tí fáìlì bá ti pọ̀ jù

Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti wà fún ọdún mẹ́wàá, fáìlì inú fódà lè lé ní ẹgbẹ̀rún. Ẹ lè ní kí kọ̀ǹpútà kó wọn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ fi bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún tẹ ibi tó ṣófo nínú fódà, kí ẹ yan "Group by", lẹ́yìn náà "Date modified". Ti òní á wà lọ́tọ̀, ti àná lọ́tọ̀, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́tọ̀. Láti ọdún 2019 ni Windows 10 ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún fódà Downloads láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ lè padà sí "Group by" kó yan "None".

Àpótí ìwákiri tó wà lókè lápá ọ̀tún náà mọ ọjọ́. Ẹ kọ datemodified:today síbẹ̀, ohun tí ẹ ṣe lónìí nìkan ló máa gbé jáde. Ẹ kọ datemodified:yesterday, á gbé ti àná jáde. Tí ẹ bá mọ̀ pé inú oṣù kẹta ọdún 2024 ni bàbá yẹn wá tẹ̀wé rẹ̀, ẹ kọ datemodified:01/03/2024..31/03/2024, kí ẹ sì fi orúkọ ìwé náà kún un. Fáìlì ẹgbẹ̀rún lè di mẹ́ta.

Àwọn tó ń lo Mac náà kò gbẹ́yìn. Nínú Finder, ẹ yan kó tò ó sílẹ̀ ní ìlà, kí ẹ sì tẹ orí "Date Modified". Mac tún ní "Date Added", ìyẹn ọjọ́ tí fáìlì wọ inú fódà tí ó wà.

Lórí fóònù ńkọ́?

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó ń dé ṣọ́ọ̀bù lónìí, orí WhatsApp ló ń gbà wá. Lórí fóònù Android, ẹ ṣí áàpù tí wọ́n fi ń wo fáìlì, bíi Files tí Google ṣe tàbí My Files orí Samsung. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Sort by" sí, ó sábà máa ń wà lábẹ́ àmì tótóótó mẹ́ta, kí ẹ sì yan èyí tó bá sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

WhatsApp fúnra rẹ̀ ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹ wo orúkọ fọ́tò tó bá ti ibẹ̀ wá sórí Android: IMG-20240309-WA0004. Nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà láàárín yẹn, ọjọ́ ni. 2024 ni ọdún, 03 ni oṣù, 09 ni ọjọ́. Fọ́tò yẹn gba orí WhatsApp kọjá ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2024. Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n yà á. Ẹnì kan lè fi fọ́tò ìgbéyàwó ọdún 2015 ránṣẹ́ lónìí, ọjọ́ òní ni orúkọ rẹ̀ á gbé.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí WhatsApp bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo èèyàn mọ̀, ó máa ń fún un kéré, ó sì máa ń yọ "Date taken" kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ṣì wà nínú rẹ̀, bóyá fọ́tò ògiri tí ẹnì kan wó tàbí ọkọ̀ tí wọ́n kọlù, kó fi ránṣẹ́ bíi "Document", kì í ṣe bíi fọ́tò. Kó má sì pa ojúlówó rẹ̀ tó wà lórí fóònù rẹ́.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá ń parọ́

Aago tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ń fún fáìlì ní ọjọ́. Tí aago bá parọ́, fáìlì náà á parọ́.

Nínú kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì àti ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, bátìrì kékeré kan wà tó rí róbótó bíi owó kọ́bọ̀. CR2032 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí aago máa lọ nígbà tí iná kò bá sí. Lára kọ̀ǹpútà tokunbọ̀ tó ti lò pẹ́ lókè òkun kó tó dé ibí, bátìrì yìí lè ti kú. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀, aago á gbàgbé ọjọ́. Nígbà tí iná bá dé, kọ̀ǹpútà lè sọ pé ọdún tí wọ́n ṣe òun la ṣì wà.

Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìwé tí ẹ tún ṣe láàárọ̀ yìí á gbé ọjọ́ ọdún 2012. Tí ẹ bá to fáìlì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa bọ́ sí, èyí tó ti pẹ́ á sì wà lókè bí ẹni pé òun ni tuntun. Èyí tí kò yẹ gan-an lẹ máa tẹ̀ jáde. Bí ẹ bá rí i pé aago tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀tún ti sọnù, tàbí tí gbogbo ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ láti ṣí tó ń sọ pé aago yín kò dáa, ẹ fura sí bátìrì. Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Kọ̀ǹpútà tó bá ti Amẹ́ríkà wá tún ní ìṣòro méjì míì. Èkíní, ó lè ṣì máa ka aago ibẹ̀. Ẹ lọ sí "Settings", "Time & language", kí ẹ sì yan "(UTC+01:00) West Central Africa", torí wákàtí kan ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú ti àgbáyé. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ sórí aago New York, ìwé tí ẹ parí ní aago méjì òru lè gbé ọjọ́ àná.

Èkejì, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Lọ́dọ̀ wa, 03/04/2024 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Oṣù kan gbáko ló wà láàárín méjèèjì. Ní "Region", ẹ yan "English (Nigeria)" tàbí "English (United Kingdom)", ọ̀rọ̀ á tọ́.

Ẹ kọ ọjọ́ sínú orúkọ rẹ̀

Nítorí gbogbo èyí, ohun tó dáa jù ni pé kí ẹ má fi gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ kọ ọ́ sínú orúkọ fáìlì, kí ẹ sì fi ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹ́yìn: 2024-03-09 adehun ile. Ètò yìí ni àjọ tó ń ṣe ìlànà fún gbogbo àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1988, tí wọ́n pè ní ISO 8601.

Ìdí tí ọdún fi ń ṣáájú rọrùn. Tí kọ̀ǹpútà bá ń to orúkọ láti A dé Z, ó ń ka nọ́ńbà láti apá òsì lọ. Tí ọjọ́ bá ṣáájú, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá á bọ́ síwájú ọjọ́ kejì oṣù kìíní. Tí ọdún bá ṣáájú, títò orúkọ àti títò ọjọ́ á di nǹkan kan náà. Ẹ má gbàgbé òdo tó wà níwájú: 03, kì í ṣe 3. Orúkọ yìí ò ní yí padà tí ẹ bá kọ̀pì fáìlì sórí fláàṣì, bátìrì ò sì lè bà á jẹ́.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún ìwé pàtàkì ṣe, ẹ má kọ ọ́ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ẹ lo "Save As", kí ẹ fún un ní ọjọ́ tuntun. Kí ẹ sì dẹ́kun "final final".

Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹjọ́

Ẹnì kan lè rò pé níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti kọ ọjọ́, ẹ̀rí ti wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè yí aago kọ̀ǹpútà padà kó tó tẹ "Save". Òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011, abala 84, to àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ wà kí ilé ẹjọ́ tó gba ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan lára wọn ni pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní àkókò tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Kọ̀ǹpútà tó ń sọ pé ọdún 2012 la wà kò lè jẹ́rìí tó dáa.

Nítorí náà, ìwé tí ẹni méjèèjì àti àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, tí wọ́n kọ ọjọ́ sí fúnra wọn, ṣì ni àgbà. Iṣẹ́ títo fáìlì ni pé kó rí i dájú pé ìwé tó yẹ ni wọ́n fọwọ́ sí.

Ní kúkúrú

Ẹ kọ́kọ́ wo aago kọ̀ǹpútà bóyá ó tọ́. Ẹ ṣí fódà, ẹ yan "Details". Ẹ tẹ "Date modified" títí tuntun á fi wà lókè. Ẹ fi "Date created" wé e tí ó bá rú yín lójú. Ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ sì kà á dópin kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, pàápàá iye owó, ìwọ̀n ilẹ̀ àti orúkọ.

Tí bàbá yẹn bá tún dé tó ní "èyí tá a ṣe kẹ́yìn ni, ọmọ mi," kí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà yí ojú rẹ̀ sí i, kó ní: "Bàbá, ẹ wò ó, ọjọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ṣé òun ni?" Bàbá á ti rántí ọjọ́ yẹn.